Bí Ìjọba Bá Dojú Ìjà Kọ Ẹgbẹ́ Yín: Ìbéèrè Yín, Ìdáhùn Wa

Nínú àwọn lẹ́tà tó ń wọlé, ti àwọn ẹgbẹ́ aráàlú ló pọ̀ jù báyìí: ẹgbẹ́ tó ń ṣọ́ owó ìjọba ìbílẹ̀, ẹgbẹ́ tó ń gbèjà obìnrin, ẹgbẹ́ tó ń bẹ àwọn ẹlẹ́wọ̀n wò. Ìpè ń wọlé láti ọ́fíìsì ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́, àwọn olóṣèlú ń dárúkọ wọn lórí rédíò, báńkì ń dá owó wọn dúró. A kò lè tẹ gbogbo lẹ́tà náà tán. Àwọn agbẹjọ́rò àtàwọn tó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ yìí ló dáhùn èyí tí a mú.

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin olóòtú. Akọ̀wé ẹgbẹ́ kan ni mí. Ọkùnrin kan pè mí lórí fóònù, ó ní ọ́fíìsì DSS, àwọn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ìjọba, lòun ti ń pè, kí n wá bá àwọn sọ̀rọ̀ díẹ̀ lọ́jọ́ Mọ́ńdè. Kò sọ ohun tí mo ṣe. Ṣé kí n lọ? (Akọ̀wé ẹgbẹ́, Òṣogbo)

Ẹ lọ, ṣùgbọ́n ẹ má dá lọ, ẹ má sì lọ kí ẹ tó mọ ẹni tó ń pè yín. Gbájúẹ̀ náà ń pe èèyàn lórúkọ DSS. Ẹ béèrè orúkọ rẹ̀, ipò rẹ̀ àti ẹ̀ka tó wà, kí ẹ sì ní kó fi ìwé ìpè ránṣẹ́ sí ọ́fíìsì ẹgbẹ́. Bó bá kọ̀, kí lọ́yà yín kọ̀wé sí olórí DSS ní ìpínlẹ̀ yín: wọ́n pe oníbàárà mi lọ́jọ́ báyìí, láti nọ́ńbà báyìí; a ó wá lọ́jọ́ báyìí, aago báyìí; ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ ká mọ ohun tí ọ̀rọ̀ náà dá lé. Kí ẹni tó bá gba lẹ́tà náà buwọ́ lu ẹ̀dà tó máa padà sọ́wọ́ yín, kó kọ déètì sí i. Ẹni tí wọ́n rò pé kò lẹ́nìkan ti di ẹni tó ní fáìlì nìyẹn. Àmọ́ bí ẹ bá dákẹ́ tí ẹ kò sì lọ, ẹ ti fún wọn ní àwíjàre láti wá gbé yín ní ìdájí.

Kí ẹ tó kúrò nílé, ẹ kọ orúkọ ẹni tó pè yín, àdírẹ́sì ibi tí ẹ ń lọ, aago tí ẹ máa wọlé àti nọ́ńbà lọ́yà sórí ìwé, kí ẹ fún ẹnìkan tó lè kọ́kọ́ figbe ta. Ẹ jọ dá aago kan: bí kò bá gbúròó yín di aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, kó bẹ̀rẹ̀ sí í pe àwọn èèyàn. Ẹ mú káàdì ìdánimọ̀ àti oògùn yín dání bí ẹ bá ń lò ó. Ẹ fi láptọ́ọ̀pù ẹgbẹ́ sílé.

Níbẹ̀, abala 35 nínú ìwé òfin ilẹ̀ wa ti 1999 fún yín láyè láti dákẹ́ títí ẹ ó fi rí lọ́yà yín tàbí ẹlòmíì tí ẹ bá yàn. Bí wọ́n bá mú yín mọ́lẹ̀, wọ́n gbọ́dọ̀ kọ ìdí rẹ̀ fún yín láàárín wákàtí 24, ní èdè tó yé yín. Òfin ìṣàkóso ẹjọ́ ọ̀daràn ti 2015, tí a mọ̀ sí ACJA, tún sọ nínú abala 17 pé a lè gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu afurasí níwájú lọ́yà rẹ̀. Bí kò bá ní lọ́yà, níwájú òṣìṣẹ́ Legal Aid Council (àjọ ìjọba tó ń fún aláìní ní lọ́yà), tàbí òṣìṣẹ́ ẹgbẹ́ aráàlú, tàbí ẹlòmíì tó bá yàn. Ẹ ka ibẹ̀ dáadáa: òfin fúnra rẹ̀ ló fi ẹgbẹ́ aráàlú síbẹ̀. (Ẹ̀sùn ti ìjọba àpapọ̀ ni ACJA wà fún, ìpínlẹ̀ ní tirẹ̀ fún ẹ̀sùn tó jẹ́ ti ìpínlẹ̀, tó jọ ọ́ gan-an.)

Bí ẹ bá máa kọ̀wé, ẹ fọwọ́ ara yín kọ ọ́. Ẹ tún un kà kí ẹ tó buwọ́ lù ú. Lẹ́yìn ọ̀rọ̀ tó gbẹ̀yìn, ẹ fa ìlà gba àyè tó ṣẹ́ kù lórí ìwé kọjá, kí ẹlòmíì má baà rí ibi kọ nǹkan kún un, kí ẹ sì buwọ́ lu ojú ìwé kọ̀ọ̀kan.

Tí ẹ bá padà dé, tí ẹ sì fẹ́ kí aráyé gbọ́, ohun tí ẹ rí ni kí ẹ sọ: èèyàn mélòó, aago mélòó, kí ni wọ́n béèrè. Àwọn òṣìṣẹ́ DSS lọ sí ọ́fíìsì SERAP, ẹgbẹ́ aráàlú kan tó ń bi ìjọba léèrè owó ìlú, ní Abuja lọ́jọ́ 9 oṣù Kẹsàn-án 2024. SERAP figbe ta lọ́jọ́ yẹn gan-an, gbogbo ìlú sì gbọ́. DSS ní ìbẹ̀wò lásán ni. Lẹ́yìn náà, òṣìṣẹ́ DSS méjì pe SERAP lẹ́jọ́ ìbanilórúkọjẹ́, wọ́n ń béèrè bílíọ̀nù 5 náírà, torí bí SERAP ṣe júwe ìbẹ̀wò náà. Ẹ figbe ta, kò sí ohun tó burú níbẹ̀, ó tiẹ̀ yẹ bẹ́ẹ̀. Àmọ́ kí gbogbo gbólóhùn inú igbe náà jẹ́ èyí tí ẹ lè mú ẹlẹ́rìí wá fún.

Ọjọ́ kẹrin rèé tí ọlọ́pàá ti ti alága wa mọ́lé. Wọ́n ní ó bú káńsẹ́lọ̀ kan lórí Facebook. Wọn ò fún un ní béèlì, wọn ò gbé e lọ sílé ẹjọ́. (Ọmọ ẹgbẹ́, Àkúrẹ́)

Ọjọ́ kẹrin ti pọ̀ jù. Abala 35 ní bí ilé ẹjọ́ tó lẹ́tọ̀ọ́ sí ẹjọ́ náà bá wà láàárín kìlómítà 40 sí ibi tí wọ́n ti mú èèyàn, ọjọ́ kan péré ni wọ́n ní. Bí kò bá sí níbẹ̀, ọjọ́ méjì ni, tàbí iye tí ilé ẹjọ́ bá rí i pé ó bọ́gbọ́n mu. Ilé ẹjọ́ kò wọ́n ní Àkúrẹ́.

Ẹ kọ́kọ́ yẹ ẹ̀sùn náà wò. Abala 24 nínú òfin ìwà ọ̀daràn orí íntánẹ́ẹ̀tì ti 2015 ni wọ́n sábà máa ń gbé irú èyí kà. Nígbà kan, ọ̀rọ̀ tó bá kàn bí ẹnìkan nínú lè sọ èèyàn di ọ̀daràn lábẹ́ rẹ̀. Lọ́jọ́ 25 oṣù Kẹta 2022, ilé ẹjọ́ ECOWAS dájọ́ nínú ẹjọ́ tí SERAP pè pé abala náà tẹ ẹ̀tọ́ láti sọ̀rọ̀ lójú mọ́lẹ̀. Ní oṣù Kejì 2024, ìjọba tún un ṣe. Yàtọ̀ sí àwòrán ìhòòhò, ohun tó kù níbẹ̀ ni irọ́ tí ẹni tó fi í ránṣẹ́ mọ̀ pé irọ́ ni, tó sì fi í ránṣẹ́ láti da ìlú rú tàbí láti fi ẹ̀mí èèyàn sínú ewu. Inú tó bí káńsẹ́lọ̀ kò sí níbẹ̀ mọ́. Ọlọ́pàá púpọ̀ ṣì ń fi ti àtijọ́ ṣiṣẹ́, nítorí náà ẹ tẹ òfin àtúnṣe náà sórí ìwé, ẹ mú un lọ fún DPO, ọ̀gá àgọ́ ọlọ́pàá náà. Ìgbà míì wà tí ìwé yẹn nìkan máa ń tó.

Bí kò bá tó, ilé ẹjọ́ gíga ló kù. Ìlànà fún ẹjọ́ ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn wà lọ́tọ̀, èyí tí adájọ́ àgbà ilẹ̀ wa nígbà náà, Idris Kutigi, gbé jáde ní 2009. Ìwé ìbéèrè sílé ẹjọ́ ni ẹ máa fi sílẹ̀, pẹ̀lú àlàyé ẹni tó ń bẹ̀bẹ̀, ohun tó ń béèrè àti ìdí rẹ̀, ìwé ìbúra, àti àlàyé òfin tí lọ́yà kọ. Níwọ̀n bí alága ti wà látìmọ́lé, ẹlòmíì tó mọ̀ nípa ọ̀rọ̀ náà lè bá a búra. Ọjọ́ 5 ni àwọn tí ẹ pè ní láti fèsì. Òfin ní kí ilé ẹjọ́ fi ẹjọ́ náà sáàárín ọjọ́ 7 tí ẹ bá fi ìwé sílẹ̀. Ojú ọ̀nà kò fìgbà gbogbo rí bẹ́ẹ̀, ìdí nìyẹn tí lọ́yà fi gbọ́dọ̀ tún béèrè àṣẹ kíákíá tí a ń gbà láìdúró de ìhà kejì, kí wọ́n lè fún alága ní béèlì ná.

Ìwé ìbúra ni ẹjọ́ wọ̀nyí ti sábà máa ń wó. "Ọlọ́pàá wá mú un, wọ́n fìyà jẹ ẹ́" kò wúlò fún adájọ́. Èyí ló wúlò: "Ní nǹkan bí aago méje àárọ̀ ọjọ́ Túsìdeè, ọlọ́pàá mẹ́ta, méjì wọ aṣọ iṣẹ́, mú un níwájú ilé rẹ̀. Mo bá wọn dé àgọ́. Mo rí i látẹ̀yìn káńtà. Wọn kò fún un ní ìwé kankan. Mo padà lọ lọ́jọ́ kejì ní aago mẹ́wàá, wọn kò jẹ́ kí n rí i." Ẹ tún ṣọ́ra fún ohun méjì. Bí àwọn méjì tàbí mẹ́ta bá wà látìmọ́lé, kí oníkálukú pe ẹjọ́ tirẹ̀, torí ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn ti da ẹjọ́ tí àwọn èèyàn pa pọ̀ pè nù rí. Èkejì, kí ẹ̀tọ́ tí wọ́n tẹ̀ lójú jẹ́ olórí ohun tí ẹ ń béèrè. Bí ẹ bá fi gbèsè tàbí ìjà ilẹ̀ ṣáájú, wọ́n á ní ẹ gba ọ̀nà tí kì í ṣe tiyín wọlé.

Ẹ fi ìwé àdéhùn ilẹ̀ Áfíríkà lórí ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn, tó di òfin ilẹ̀ wa ní 1983, kún un. Nígbà tí ìjọba Abacha gbé Gani Fawehinmi nílé rẹ̀ ní Ìkẹjà ní oṣù Kìíní 1996, orí ìwé yẹn náà ni àwọn lọ́yà rẹ̀ dúró lé. Ní 2000, ilé ẹjọ́ tó ga jùlọ fẹnu kò pé agbára rẹ̀ ju ti òfin yòókù lásán lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò ju ìwé òfin ilẹ̀ lọ.

Bí wọ́n bá fi í sílẹ̀ lónìí, ẹ ṣì lè pe ẹjọ́ náà, nítorí ìlànà 2009 kò fi gbèdéke sí i. Abala 35 sọ pé ẹni tí wọ́n tì mọ́lé lọ́nà àìtọ́ lẹ́tọ̀ọ́ sí owó gbà-má-bínú àti àforíjì ní gbangba. Béèlì ọ̀fẹ́ ni, wọ́n kọ ọ́ sára ògiri àgọ́ wọn. Ẹ má sanwó rẹ̀.

Òṣìṣẹ́ ìjọba kan halẹ̀ mọ́ wa pé CAC, àjọ tó ń forúkọ ẹgbẹ́ àti ilé iṣẹ́ sílẹ̀, lè lé àwọn alábòójútó wa dànù, kí wọ́n fi tiwọn sípò. Ṣé òótọ́ ni? (Alága ẹgbẹ́, Ìbàdàn)

Apá kan òótọ́ ni. Òfin CAMA, tó ń darí ilé iṣẹ́ àti ẹgbẹ́ tó forúkọ sílẹ̀, tí ààrẹ fọwọ́ sí ní oṣù Kẹjọ 2020 ní abala 839. Ó ní wọ́n lè dá àwọn alábòójútó tí orúkọ wọn wà lọ́dọ̀ CAC dúró, kí wọ́n fi alákòóso fìdíhẹ sípò, bí ìdí bá wà láti gbà pé ìwàkíwà tàbí ìṣekúṣe owó wà, tàbí jìbìtì, tàbí nítorí ànfààní gbogbo ìlú. Gbólóhùn tó kẹ́yìn yìí ló ń ba àwọn ẹgbẹ́ lẹ́rù, ó sì yẹ kó bà wọ́n lẹ́rù: ta ni yóò sọ ohun tó jẹ́ ànfààní ìlú? Àmọ́ abala kan náà mẹ́nu ba àṣẹ ilé ẹjọ́, lórí ẹ̀bẹ̀ CAC tàbí ti ìdá kan nínú márùn-ún ọmọ ẹgbẹ́. Bí ẹnikẹ́ni bá wọlé tọ̀ yín wá láìsí àṣẹ ilé ẹjọ́, ilé ẹjọ́ ni kí ẹ gbà lọ lọ́jọ́ náà.

Ẹ padà wo ìdá kan nínú márùn-ún yẹn. Bí ogún èèyàn bá wà nínú ìwé ẹgbẹ́, mẹ́rin péré ti tó. Bí ògiri ò bá lanu, alángbá ò lè ráyè wọ̀ ọ́. Olóṣèlú tó fẹ́ tú ẹgbẹ́ ká kì í sábà gba ẹnu ọ̀nà ìjọba wọlé; ọmọ ẹgbẹ́ tí inú ń bí ló máa wá. Nítorí náà, kí ìwé orúkọ ọmọ ẹgbẹ́ wà ní pípé: ẹni tó wọlé, ẹni tó jáde, ọjọ́ wo. Kí ìwé àkọsílẹ̀ ìpàdé ní ìbuwọ́lù alága àti akọ̀wé. Kí òfin ẹgbẹ́ sọ bí a ṣe ń yanjú aáwọ̀ kí ẹnikẹ́ni tó lọ sílé ẹjọ́.

Ìjábọ̀ ọdọọdún ni ibi kejì tí ẹsẹ̀ àwọn ẹgbẹ́ ti ń yọ̀. Abala 848 ní kí ẹ fi í ránṣẹ́ sí CAC láàárín ọjọ́ 30 oṣù Kẹfà sí ọjọ́ 31 oṣù Kejìlá, lọ́dọọdún, yàtọ̀ sí ọdún tí ẹ forúkọ sílẹ̀. Orúkọ ẹgbẹ́, orúkọ, àdírẹ́sì àti iṣẹ́ àwọn alábòójútó, ilẹ̀ tí ẹgbẹ́ ní, àti ohun tó bá yí padà nínú òfin ẹgbẹ́ ló wà nínú rẹ̀. Kò ju iṣẹ́ ọ̀sán kan lọ, síbẹ̀ àwọn ẹgbẹ́ kan máa ń gbàgbé rẹ̀ fún ọdún púpọ̀. Lọ́jọ́ tí ọ̀tá bá dé, òun ló máa kọ́kọ́ béèrè. Ẹ tún wo àkáǹtì tí ẹ kò lò mọ́. Bí báńkì bá sọ fún CAC pé ó ti sùn, abala 842 jẹ́ kí CAC béèrè ẹ̀rí iṣẹ́ lọ́wọ́ yín. Ọjọ́ 15 ni ẹ ní láti dáhùn, bí ìdáhùn kò bá sì tẹ́ wọn lọ́rùn, wọ́n lè tú ẹgbẹ́ ká. Ẹ ti àkáǹtì tí kò wúlò pa, kí àdírẹ́sì tó wà lọ́dọ̀ CAC sì jẹ́ ibi tí lẹ́tà ti lè bá yín. Ẹgbẹ́ tó ti kó kúrò ní ọ́fíìsì àtijọ́ kò ní mọ̀ pé ọjọ́ 15 ti ń kà.

Báńkì dá àkáǹtì wa dúró. Mánijà ní "àṣẹ láti òkè" ni. (Akápò, Abẹ́òkúta)

Òkè wo? Ẹ kọ̀wé sí báńkì lónìí, kí wọ́n fún yín ní ẹ̀dà àṣẹ ilé ẹjọ́ tí wọ́n tẹ̀ lé. Ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn ti sọ ọ́ ní 2019 pé EFCC kò lè kàn pàṣẹ fún báńkì láti dá owó oníbàárà dúró láìsí àṣẹ ilé ẹjọ́. Bí kò bá sí ìwé, ẹjọ́ wà lọ́rùn báńkì fúnra rẹ̀.

Bí àṣẹ bá wà, ẹ wo ilé ẹjọ́ tó fún un, ọjọ́ mélòó ló máa lò, àti ohun tí wọ́n búra lé lórí. Lẹ́yìn ìwọ́de EndSARS ní 2020, báńkì àgbà ilẹ̀ wa gba àṣẹ ní ilé ẹjọ́ gíga ìjọba àpapọ̀ ní Abuja láti di àkáǹtì ogún mú fún ọjọ́ 90. Àwọn tó ni owó kò sí ní kóòtù lọ́jọ́ náà. Oṣù Kejì 2021 ni wọ́n tó tú u sílẹ̀. Láàárín ìgbà yẹn, owó oṣù kò ṣe é san, bẹ́ẹ̀ ni owó ilé. Ohun tí ẹ máa ṣe ni kí lọ́yà bẹ ilé ẹjọ́ kan náà láti fagi lé àṣẹ náà, kó fi ìwé àdéhùn olùrànlọ́wọ́, rìsíìtì àti ìwé ọ́díìtọ̀ gbe ọ̀rọ̀ rẹ̀ lẹ́yìn: owó kọ̀ọ̀kan tó wọlé ní ẹni tó fi í ránṣẹ́, owó kọ̀ọ̀kan tó jáde ní ohun tó rà.

Kó tó dé ibẹ̀, kí owó ẹgbẹ́ má gba àkáǹtì ẹnikẹ́ni kọjá, ìbáà jẹ́ ti alága. Èyí ló máa ń sọ ọ̀rọ̀ òṣèlú di ẹ̀sùn jìbìtì lójijì. Kí àwọn tó ń buwọ́ lu ṣẹ́ẹ̀kì jẹ́ mẹ́ta, kí méjì tó láti gba owó. Ẹ tọ́jú owó oṣù mẹ́ta, ó kéré tán, sí báńkì kejì. Ẹ forúkọ sílẹ̀ ní SCUML, ẹ̀ka EFCC tó ń ṣọ́ àwọn tó ń sọ owó ìwà ọ̀daràn di owó mímọ́, torí báńkì ṣì máa ń béèrè ìwé ẹ̀rí rẹ̀. Ọ̀fẹ́ ni, ẹni tó bá gba owó lọ́wọ́ yín, owó aláàárù ló gbà.

Ẹgbẹ́ ọmọ ìlú wa ní London fẹ́ máa ran ẹgbẹ́ ajàfẹ́tọ̀ọ́ kan lọ́wọ́ nílé. Ṣé wọn ò ní sọ pé aṣojú òyìnbó ni wọ́n? (Òǹkàwé, London)

Wọ́n á sọ ọ́. Gbígba owó láti òkè òkun kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ ní Nàìjíríà. Ẹ fi lẹ́tà kan ṣáájú owó: iye rẹ̀, ohun tó wà fún, ìgbà tí ẹ fẹ́ ìjábọ̀. Ẹ fi í sí àkáǹtì ẹgbẹ́ tààrà. Kí wọ́n lẹ iye náà mọ́ ara pátákó ọ́fíìsì wọn nílé kí ẹlòmíì tó ká a mọ́ wọn lọ́wọ́.

DPO ní a ò lè ṣe ìwọ́de àyàfi tí a bá gba pámíìtì. (Ajàfẹ́tọ̀ọ́, Adó-Èkìtì)

Pámíìtì ti kú láti oṣù Kejìlá 2007, nígbà tí ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn dá ẹjọ́ ẹgbẹ́ òṣèlú ANPP àti ọ̀gá àgbà ọlọ́pàá. Adájọ́ Olufunlola Adekeye ló ka ìdájọ́ tó léwájú. Abala 83 nínú òfin ọlọ́pàá ti 2020 sì ti yí ẹrù náà padà sórí ọlọ́pàá: bí ẹ bá fi ìwé sọ fún wọn pé ẹ fẹ́ péjọ, àwọn ló gbọ́dọ̀ kó èèyàn wá dáàbò bò yín. Ìwé ìfitónilétí ni kí ẹ kọ, kì í ṣe ìwé ẹ̀bẹ̀. Ọjọ́, aago ìbẹ̀rẹ̀ àti ìparí, ojú ọ̀nà tí ẹ máa gbà, iye èèyàn tí ẹ ń retí, nọ́ńbà ẹni méjì. Ẹ gba ẹ̀dà tí wọ́n buwọ́ lù. Ẹ yan àwọn tó máa ṣọ́ èrò, kí wọ́n wọ aṣọ tó yàtọ̀, torí àwọn tó ń wá ba ìwọ́de jẹ́ kì í fi ìwé ìfitónilétí ránṣẹ́.

Aṣòfin wa ń pariwo lórí rédíò pé òun máa gbé òfin tó máa kó gbogbo NGO sábẹ́ àjọ kan jáde, nítorí "ẹgbẹ́ ayédèrú" pọ̀. Báwo la ṣe lè dá a dúró? (Olùdarí ẹgbẹ́, Ìlọrin)

Kì í ṣe àkọ́kọ́. Ní 2016, àbádòfin HB 585 wá sí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin kékeré ní Abuja. Yóò dá àjọ kan sílẹ̀ tí gbogbo ẹgbẹ́ á máa forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ rẹ̀, tí wọ́n á tún un ṣe lóṣù 24-24, tí wọ́n á sì gba àṣẹ rẹ̀ kí wọ́n tó dá iṣẹ́ sílẹ̀. Ẹgbẹ́ tó bá ń bi ìjọba ní ìbéèrè á tún lọ máa tọrọ àyè lọ́wọ́ ìjọba. Ìpàdé ìtagbangba wáyé ní oṣù Kejìlá 2017, àwọn ẹgbẹ́ ya bo ibẹ̀, àbádòfin náà sì bá saa ìgbìmọ̀ yẹn lọ ní 2019 láìdi òfin.

Ohun tó ràn wọ́n lọ́wọ́ kì í ṣe ariwo nìkan. Wọ́n fi hàn pé ohun tí àbádòfin náà ní òun fẹ́ ṣe ti wà nílẹ̀: CAC ń forúkọ sílẹ̀, àjọ owó orí ń ṣe tirẹ̀, SCUML àti EFCC ń ṣọ́ owó. Aṣòfin tí kò bìkítà nípa ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn ṣì lè bìkítà nípa àjọ tuntun tí wọ́n máa ná owó lé lórí.

Àbádòfin máa ń gba ìwé kíkà mẹ́ta kọjá. Lẹ́yìn ìkejì, ó bọ́ sọ́wọ́ ìgbìmọ̀ kan, ibẹ̀ sì ni a ti lè tún un ṣe tàbí kó kú. Ẹ gba ẹ̀dà rẹ̀ tó ní nọ́ńbà. Ẹ má bá ohun tí ẹ gbọ́ lórí rédíò jà. Ẹ kọ ìwé èrò yín sí akọ̀wé ìgbìmọ̀ náà, kó má ju ojú ìwé márùn-ún lọ, kó ní àtẹ onílà mẹ́ta: ohun tí ẹsẹ àbádòfin sọ, ohun tó máa bàjẹ́, ọ̀rọ̀ tí ẹ fẹ́ kó rọ́pò rẹ̀. Ẹ tọ́ka sí abala 40 nínú ìwé òfin ilẹ̀ wa tó fún wa ní ẹ̀tọ́ láti dá ẹgbẹ́ sílẹ̀. Ẹ fi ojú ìwé kan ṣoṣo ṣáájú gbogbo rẹ̀, torí òun ni ọ̀pọ̀ wọn máa kà. Ẹ pín ara yín: kí ẹnìkan sọ ti òfin, ẹnìkan sọ ti owó, kí obìnrin tí ẹgbẹ́ gbà lọ́wọ́ ìyà sọ tirẹ̀. Níbi tí ẹgbẹ́ bá ti tò sórí ìlà tí wọ́n ń sọ ohun kan náà, àwọn aṣòfin á ti máa wo fóònù wọn kó tó kan ẹnìkẹta.

Kí ẹ sì lọ bá aṣòfin yín nílé, ní ìlú tó ti wá dìbò. Níbẹ̀, àwọn èèyàn tó mọ ìyá rẹ̀ á wà ní ìjókòó.

Ní ti rédíò, ẹ kọ̀wé sí ilé iṣẹ́ náà lọ́sẹ̀ yẹn, kí wọ́n fún yín ní ẹ̀dà ohùn ètò náà kí wọ́n tó pa á rẹ́, kí wọ́n sì fún yín láyè láti fèsì. Ìlànà NBC, àjọ tó ń ṣàkóso rédíò àti tẹlifíṣọ̀n, mọ ẹ̀tọ́ náà. Ẹ má fi ẹ̀sùn tó fi kàn yín ṣe àkọlé èsì yín, ẹ ó kàn máa bá a tan ọ̀rọ̀ náà kálẹ̀ ni.

Kí ni NHRC, àjọ ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn ilẹ̀ wa, wà fún? Ṣé ìjọba kọ́ ló ń sanwó wọn? (Olùkọ́ fẹ̀yìntì, Ìjẹ̀bú-Òde)

Ìjọba ló ń sanwó wọn, ẹ jàre. Owó ìjọba náà ni adájọ́ ń gbà. Ohun tó ṣe pàtàkì ni bóyá ìjọba lè lé wọn nígbà tí ọ̀rọ̀ wọn bá dùn ún, ìtàn àjọ yìí sì fi bó ṣe ń rí hàn. Òfin 1995 ló dá a sílẹ̀. Ní oṣù Kẹfà 2006, wọ́n yọ akọ̀wé àgbà rẹ̀, Bukhari Bello, nípò kí saa rẹ̀ tó pé, lẹ́yìn tó bẹnu àtẹ́ lu bí ìjọba ṣe ń fìyà jẹ àwọn oníròyìn. Àwọn àjọ ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn káàkiri àgbáyé ń fi ìlànà Paris, tí ìpàdé gbogboogbo àjọ ìṣọ̀kan àgbáyé gbà wọlé ní 1993, wọn ara wọn. Wọ́n já Nàìjíríà láti ipò A, tó ga jùlọ, sí B ní 2007. Àjọ tó wà ní A nìkan ló ní ẹ̀tọ́ láti dìde sọ̀rọ̀ fúnra rẹ̀ ní ìgbìmọ̀ ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn ní Geneva. Ìtìjú yẹn wà lára ohun tó ti òfin àtúnṣe lẹ́yìn, èyí tí ààrẹ fọwọ́ sí ní 2011: kò sí aláṣẹ míì tó lè darí àjọ náà, ìpinnu rẹ̀ sì ṣe é fìdí múlẹ̀ bíi ti ilé ẹjọ́ gíga. Ọdún yẹn kan náà ni ipò A padà.

Nítorí náà, bí ẹ bá gbọ́ pé wọ́n yọ olórí NHRC láìtọ́jọ́, kì í ṣe ọ̀rọ̀ Abuja lásán. Ẹ kọ̀wé, ẹ̀yin ẹgbẹ́, sí ìgbìmọ̀ tó ń yẹ ipò àwọn àjọ náà wò; wọ́n máa ń ka ti ẹgbẹ́ aráàlú.

Ẹ lo àjọ náà pẹ̀lú. Kò gba owó lórí ẹ̀sùn, ẹ sì lè lọ fẹnu sọ tiyín. Kì í gba ọ̀rọ̀ tó ti wà nílé ẹjọ́, torí náà ẹ yan ọ̀nà tí ẹ máa kọ́kọ́ gbà.

A wà ní Kétu, lápá Benin. Ṣé ilé ẹjọ́ kan wà lókè òkun ilẹ̀ wa tó lè gbọ́ tiwa? (Òǹkàwé, Kétu)

Ilé ẹjọ́ ilẹ̀ Áfíríkà ní Arusha ti ṣí sílẹ̀ fún ẹ̀yin ọmọ Benin rí, kí ìjọba yín tó fa ọwọ́ rẹ̀ padà ní 2020. Ti ECOWAS ní Abuja ṣì ṣí sílẹ̀. Láti 2005 ni ẹnikẹ́ni ti lè lọ síbẹ̀, láìjẹ́ pé ó kọ́kọ́ la gbogbo ilé ẹjọ́ ilẹ̀ rẹ̀ kọjá. Àwọn ará Togo ti lò ó: ní oṣù Kẹfà 2020, ilé ẹjọ́ náà dá Togo lẹ́bi torí íntánẹ́ẹ̀tì tí wọ́n pa lásìkò ìwọ́de oṣù Kẹsàn-án 2017, ó sì ní kí wọ́n san mílíọ̀nù 2 fáráǹkì CFA. Ibi tó ti rọ̀ ni ìmúṣẹ. Ìdájọ́ máa ń wà, ìjọba a sì máa fi falẹ̀. Àmọ́ ó ṣeé ṣe kí abala 24 Nàìjíríà tí a sọ lókè má tíì yí padà bí kò bá sí ìdájọ́ ibẹ̀.

Ṣé ọlọ́pàá lè gba fóònù mi kó sì tú u wò? (Ọ̀dọ́ tó ń bẹ ẹlẹ́wọ̀n wò, Èkó)

Abala 37 nínú ìwé òfin ilẹ̀ wa dáàbò bo ìpè yín àti ìfọ̀rọ̀ránṣẹ́ yín, òfin sì ní láti fún wọn láyè kí wọ́n tó wọ ibẹ̀. Ẹ béèrè ìwé àṣẹ ilé ẹjọ́ pẹ̀lú sùúrù, ẹ má bá a jà gba fóònù lójú títì. Bí wọ́n bá gbà á, ẹ béèrè ìwé tó to ohun tí wọ́n gbà lẹ́sẹẹsẹ, pẹ̀lú nọ́ńbà IMEI, èyí tí a fi ń dá fóònù kọ̀ọ̀kan mọ̀. Ẹ lè tẹ *#06# báyìí láti mọ tiyín, kí ẹ kọ ọ́ sílé.

Ohun tó kù jẹ́ ti ṣáájú. Ẹ fi nọ́ńbà mẹ́fà ó kéré tán ti fóònù, kì í ṣe ìka tàbí ojú, torí wọ́n lè fi agbára mú ìka yín kan fóònù. Ẹ tan ìfìdímúlẹ̀ onígbèésẹ̀ méjì lórí WhatsApp àti ímeèlì. Ọ̀rọ̀ àwọn tí ẹ ń ràn lọ́wọ́, pàápàá orúkọ ẹlẹ́rìí, kó wà lórí Signal, áàpù ìfọ̀rọ̀ránṣẹ́ tó bò ọ̀rọ̀ mọ́lẹ̀, kí ẹ fi í sí pípa-ara-rẹ̀-rẹ́ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan. Kí fáìlì ẹgbẹ́ wà níbi mẹ́ta, kí ọ̀kan nínú rẹ̀ má sí nínú ọ́fíìsì. Bí wọ́n bá sì dá fóònù náà padà fún yín lẹ́yìn ọjọ́ méjì, ẹ má kàn tàn án kí ẹ máa lò ó lọ. Ẹ fi ẹ̀rọ míì yí gbogbo ọ̀rọ̀ aṣínà yín padà, ẹ lé fóònù náà kúrò lórí gbogbo àkáǹtì tó wà, kí ẹ tó fún ẹni tó mọ iṣẹ́ láti nù ún mọ́ pátápátá.